Bí A Ṣe Ń Yẹ Ohun Mímọ́ Wò Láìjẹ́ Kí Ìgbàgbọ́ Ẹni Mì

Ìyá bàbá mi ti lọ sí Mẹ́kà kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí ó sì ń bọ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì funfun kan tí omi samsam, omi kànga mímọ́ ti Mẹ́kà, kún inú rẹ̀ wá sí agbo ilé wa ní Pákátà, nílùú Ìlọrin. Ó rọ díẹ̀ nínú omi náà sínú ìgò kan, ó fi aṣọ wé ìgò náà, ó sì gbé e sí abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bí ibà bá mú ọmọ, bí aboyún bá ń rọbí, bí ẹnìkan bá fẹ́ lọ ṣe ìdánwò, ìdérí ìgò kan péré ni yóò bù fún un, yóò sì ṣe àdúà sí i. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, ní ọjọ́ fìdáù rẹ̀, àbúrò bàbá mi obìnrin jẹ́wọ́ pé ó ti tó ọdún méjìlá tí omi samsam ti tán nínú ìgò náà, àti pé òun ni òun ń bu omi kànga agbo ilé sínú rẹ̀ lóru, kí ọkàn ìyá wọn má baà bàjẹ́. Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n sọ fún òun, ṣé omi kànga ló wá gba àdúà òun ni? Àáfà tí ó wá ka Alùkùránì kò dá a lóhùn. Ó gba ìgò náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó rí ohun aláwọ̀ ewé kan tí ó ti ń yọ̀ ní ìdí rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ fọ ìgò náà kí ẹnikẹ́ni tó tún fi ẹnu kàn án.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè bá nínú ilé tirẹ̀. Ọmọ Òmù-Àrán ni ìyá mi, ìdílé onígbàgbọ́ ni wọ́n sì ti wá. Nínú àpótí ìdílé tiwọn, aṣọ funfun wòlíì kan ni wọ́n ká pamọ́ pẹ̀lú ìgò òróró. Nítorí náà mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì ti rí i pé ìbéèrè kan náà ni ó ń da àwọn ènìyàn láàmú níbi gbogbo: bí ohun mímọ́ tí a gbẹ́kẹ̀ lé bá wá já sí ayédèrú, kí ni yóò ṣẹ́kù fún wa?

Kọ́kọ́ mọ ibi tí ohun náà jókòó sí

Kí ẹ tó béèrè bóyá ojúlówó ni ohun kan, ẹ béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìgbàgbọ́ yín. Ẹ jókòó níbi tí kò sí ariwo, kí ẹ sì rò ó bí ẹni pé wọ́n ti wá sọ fún yín lónìí pé irọ́ ni. Ìrun wo ni ẹ kò ní kí mọ́ lọ́la? Ààwẹ̀ wo ni ẹ máa dá dúró? Ta ni ẹ máa tìtorí rẹ̀ dáwọ́ àánú dúró fún? Bí ẹ kò bá rí èyí tí yóò yẹ̀ nínú wọn, ohun ìrántí ni ohun náà jẹ́ fún yín, bíi fìlà bàbá ẹni tí ó ti kú, kò sì sí ewu níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé gbogbo rẹ̀ ni yóò dáwọ́ dúró, a jẹ́ pé ẹ ti gbé òpó ilé yín ka orí ohun tí eku lè jẹ.

Fún Mùsùlùmí, ẹni tí ó la ọ̀nà yìí kedere jù lọ ni Úmárù ọmọ Khattab, kálífà kejì. Nínú hádíìsì, ìyẹn ìtàn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, tí Bukhari kó jọ, Úmárù dúró níwájú Òkúta Dúdú tí ó wà lára Káábà, ilé mímọ́ tí ó wà ní Mẹ́kà, ó sì sọ fún un pé òun mọ̀ pé òkúta lásán ni, tí kò lè ṣeni ní oore tàbí ibi, àti pé bí kò bá ṣe pé òun rí Ànábì tí ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé òkúta náà kì í ṣe ojúlówó. Ohun tí ó ń sọ ni pé jíjẹ́ ojúlówó rẹ̀ kọ́ ni òun tẹ̀lé. Ìṣe Ànábì ni òun tẹ̀lé. Ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ikú Úmárù, ní ọdún 930, àwọn ọmọ ogun Kàrámátà, ẹgbẹ́ kan tí ó yapa nínú Ìsìláàmù, láti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá ya wọ Mẹ́kà, wọ́n pa àwọn tí ó wá ṣe hájì, wọ́n sì gbé Òkúta Dúdú náà lọ. Ó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó dá a padà. Ní gbogbo ìgbà náà, àwọn Mùsùlùmí ṣì ń kọjú sí Káábà kírun ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, wọ́n ń gba ààwẹ̀, wọ́n sì ń yọ sàká. Ọ̀fọ̀ ńlá ni, ìwọ̀sí ńlá sì ni, ṣùgbọ́n kò sí àlùfáà kankan tí ó sọ pé ìrun ti bọ́ lọ́rùn àwọn ènìyàn.

Ti àwọn onígbàgbọ́ tilẹ̀ tún le ju èyí lọ, mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú ìwé Númérì, Mósè rọ ejò idẹ kan gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ti pa á láṣẹ, ẹni tí ejò bá sì bù jẹ tí ó bá wò ó yóò yè. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nínú Ìwé Ọba Kejì, orí kejìdínlógún, Ọba Hesekáyà fọ́ ejò idẹ yẹn túútúú nítorí pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń sun tùràrí sí i. Ojúlówó ni ejò náà. Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé èyí tí Mósè ṣe gan-an ni, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fọ́ ọ, a sì ka fífọ́ tí ọba fọ́ ọ sí iṣẹ́ rere fún un. Ẹni tí ó bá ń rò pé ohun tí ó kù láti ṣe kò ju kí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun kan kì í ṣe ayédèrú lọ, kí ó rántí ejò yìí. Ohun tí kì í ṣe ayédèrú náà lè sọ ìgbàgbọ́ di ìbọ̀rìṣà.

Ẹ ya ìṣẹ̀lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Ẹlòmíràn yóò ní ìgbàgbọ́ kò nílò òótọ́ kankan, pé ohun tí ó bá ti tu ènìyàn nínú ti tó. N kò gbà bẹ́ẹ̀, Pọ́ọ̀lù náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí a kò bá jí Kírísítì dìde, asán ni ìwàásù àwọn, asán sì ni ìgbàgbọ́ wọn. Ìgbàgbọ́ lè dúró lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n èyí kò ní kí ó dúró lórí aṣọ tàbí igi tí wọ́n ní ó kù nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Bí iná bá jó ìwé ilẹ̀, ilẹ̀ kì í bá iná lọ. Bí wọ́n bá sì rí i pé ayédèrú ni ìwé kan, ẹni tí ó ni ilẹ̀ lè ní ẹ̀rí mìíràn.

Ẹ wo Òkúta Ìlọrin tí ó wà ní agbo ilé kan ní Ìdí-Àpé. Ìtàn tí a jogún ni pé orí òkúta yìí ni àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó ti ń lọ irin wọn, tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Ìlọ-irin. Àwọn kan wà tí wọ́n ní ìlú erin ni orúkọ náà ti wá, wọn kò sì tíì jọ gbà fún ara wọn. Bí ẹnìkan bá wá fi hàn lọ́la pé òkúta mìíràn ni wọ́n lọ irin lé, a ó ní ìtàn láti tún wò, àwọn onílé náà yóò sì bínú. Ṣùgbọ́n Ìlọrin kò ní kúrò níbi tí ó wà, ẹnikẹ́ni kò sì ní jí ní òwúrọ̀ kí ó má mọ ọ̀nà Ọjà-Ọba mọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí ẹ béèrè èwo ni ó ṣáájú, ìgbàgbọ́ tàbí ohun náà. Aṣọ òkú tí ó wà ní Turin ní Ítálì, tí àwòrán ọkùnrin kan tí wọ́n kàn mọ́gi hàn lára rẹ̀, ni ó dára jù lọ fún àpẹẹrẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ tí ó dájú dárúkọ rẹ̀ ni àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá, ní abúlé Lirey ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe ọdún Àjíǹde fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní ọdún 1389, bíṣọ́ọ̀bù àgbègbè náà, Pierre d'Arcis, kọ̀wé pé bíṣọ́ọ̀bù tí ó ṣáájú òun ti ṣèwádìí aṣọ náà, tí ayàwòrán kan sì jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ní ọdún 1988, yàrá àyẹ̀wò mẹ́ta, ní Oxford, ní Zurich àti ní Arizona, yẹ ìrépé aṣọ náà wò pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù 14, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń mọ ọjọ́ orí ohun àtijọ́, wọ́n sì sọ pé àárín ọdún 1260 sí 1390 ni wọ́n hun ún. Àwọn kan ṣì ń bá èsì yẹn jiyàn. Ní tèmi, ohun tí Póòpù John Paul Kejì sọ nígbà tí ó lọ síbẹ̀ ní ọdún 1998 ni ó yẹ kí a mú lò: ó ní kì í ṣe ọ̀ràn ìgbàgbọ́, Ìjọ kò sì ní ìmọ̀ pàtó láti dá ẹjọ́ rẹ̀, nítorí náà kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa bá ìwádìí lọ. Olórí ìjọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ohun tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ń rìnrìn àjò lọ wò.

Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ rẹ̀

Bí ẹ bá ti mọ ibi tí ohun náà jókòó sí, ẹ lè wá máa wádìí rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tútù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ tí ó wà lónìí, kí ẹ sì máa lọ sẹ́yìn: ta ni ó fún yín, ta ni ó fún òun náà, ta ni ó rí i nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀? Àwọn àáfà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ṣe ń tọ hádíìsì láti ẹnu dé ẹnu. Ibi tí okùn bá ti já, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni ó já. Ẹ má fi ìmọ̀ràn ọkàn yín so ó. Hádíìsì kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín lórí èyí. Ọkùnrin kan ń lọ sí hájì, ó bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ń kírun níbì kan, wọ́n sì sọ fún un pé abẹ́ igi tí Ànábì ti gba àdéhùn lọ́wọ́ àwọn sàhábà, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ní Hudaybiyyah nìyí. Ó lọ sọ fún Sa'id ọmọ Musayyab, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn kan. Sa'id ní bàbá òun wà lára àwọn tí ó ṣe àdéhùn náà, ó sì sọ pé nígbà tí àwọn padà dé ibẹ̀ ní ọdún kejì, àwọn kò dá igi náà mọ̀ mọ́. Sa'id wá fi kún un pé àwọn sàhábà kò mọ igi náà, ẹ̀yin wá mọ̀ ọ́n. A jẹ́ pé ìmọ̀ yín ju tiwọn lọ nìyẹn.

Ẹ wò ó bóyá irú rẹ̀ wà níbòmíràn. Orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi wà ní Amiens ní Faransé, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Róòmù, ó sì tún wà nínú mọ́sálásí ńlá ti Damásíkù, bí àwọn tí ó ń tọ́jú wọn ṣe wí. Orí kan ṣoṣo ni Jòhánù ní.

Ẹ tún mọ ohun tí àyẹ̀wò lè sọ àti èyí tí kò lè sọ. Kábọ́ọ̀nù 14 ń sọ ìgbà tí ohun tí ó ti ní ẹ̀mí rí kú, bíi òwú, awọ, egungun tàbí igi; kò lè sọ ẹni tí ó wọ aṣọ náà. Bí aṣọ kan bá tilẹ̀ jáde pé ọ̀rúndún àkọ́kọ́ ni wọ́n hun ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wọ aṣọ ní ọ̀rúndún àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò lè sọ pé rárá lọ́nà tí ó dájú. Ṣùgbọ́n «bẹ́ẹ̀ ni» tirẹ̀ kì í sábà ju «ó ṣeé ṣe» lọ. Kì í sì í ṣiṣẹ́ lára òkúta. Ní Ẹ̀sìẹ́, ní apá gúúsù Kwara, ère òkúta ọṣẹ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní ọdún 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ti ròyìn wọn ní ọdún 1933. Ìtàn àwọn onílùú ni pé àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ ní ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn, wọ́n sì tún ń jiyàn lórí ẹ̀yà tí ó gbẹ́ wọn. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ nígbà ọdún ère, ẹ ó rí i pé àríyànjiyàn yìí kò dí ìlù lọ́wọ́.

Ibi tí owó bá ti wọ̀ ọ́

Ẹ yára níbí. Bí wọ́n bá ti dá iye lé ohun mímọ́, ẹ jáde. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lateran ní ọdún 1215 ti kọ̀ ọ́ fún ìjọ pé kí wọ́n má gbé egungun àwọn ẹni mímọ́ sọ́jà. Òfin Ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1983, ní abala 1190, sì tún kà á léèwọ̀ pátápátá. Ìjọba Sáúdì kò fàyè gba kí wọ́n máa kó omi samsam jáde fún títà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá na ìgò kan sí yín lọ́jà, tí ó ní samsam ni, tí ó sì dá iye lé e, ẹ ti mọ ohun tí ó kéré jù lọ nípa bí omi náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ní ti òróró àti aṣọ ìnujú tí wọ́n máa ń fi ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kọkàndínlógún, gbè lẹ́yìn, kí ẹ ka ẹsẹ tí ó ṣáájú èyí tí wọ́n ń tọ́ka sí: Ọlọ́run ni ẹsẹ náà ní ó ń ṣe iṣẹ́ ìyanu láti ọwọ́ Pọ́ọ̀lù, kò sì sí ibi tí a ti kà pé Pọ́ọ̀lù gba kọ́bọ̀ lórí aṣọ kankan.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí ó ni ín

Ibí ni mo ti kùnà jù lọ, nítorí náà ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn tí ọ̀ràn samsam ti ṣẹlẹ̀, mo lọ bá àbúrò ìyá mi ní Òmù-Àrán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n nípa aṣọ wòlíì níwájú àwọn ọmọ wọn, bíi ẹni pé adájọ́ ni mí. Wọ́n pa àpótí náà dé, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má béèrè níwájú èrò. Ẹ lọ bá ẹni náà ní òun nìkan, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ẹ sì kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn ohun náà tán láìdá wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ lọ́nà yìí, àwọn fúnra wọn ni ó sọ fún mi pé àwọn kò mọ̀ bóyá ọrùn wòlíì gan-an ni aṣọ náà ti jáde, pé olóògbé ọkọ àwọn ni ó kàn gbé e wálé.

Ẹ má sì fojú kéré ìrora tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí irun tí wọ́n gbà pé ti Ànábì Muhammad ni ní Hazratbal ní Kashmir, ní December 1963, àwọn ènìyàn tú síta nínú òtútù, gbogbo ìlú sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n rí i padà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ara wọn kò balẹ̀ títí tí àwọn àgbà ẹ̀sìn fi wò ó ní February 1964, tí wọ́n ní òun náà ni. Ẹni tí ó ń sunkún nítorí ohun ìrántí kò tíì sọ pé ìgbàgbọ́ òun wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń sunkún lórí sàárè kò sọ pé inú sàárè ni ìfẹ́ wa ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó bi Àáfà ní ìbéèrè lọ́jọ́ fìdáù kò dé mọ́sálásí fún bíi oṣù mẹ́rin. Èmi náà rò pé omi ni ó fà á. Ìgbà tí a wá jókòó sọ ọ́, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé Ọlọ́run kì í gbé inú ìgò. Pé ohun tí kò jẹ́ kí òun sùn ni pé ẹni tí ó kọ́ òun ní Fátíhà ni ó ń ti òru bu omi kànga, tí ó sì ń wo ojú òun ní òwúrọ̀ nígbà tí òun ń mu ún. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ó dúró lórí jíjẹ́ ojúlówó ohun mímọ́ ni ìfọkàntán tí a ní sí ẹni tí ó fi lé wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ dáàbò bo ìgbàgbọ́ àgbàlagbà tàbí ti ọmọdé. Àbúrò bàbá mi lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé rẹ̀, òun nìkan, láìmú alárinà dání, kí ó tó padà sí ìrun Jímọ̀.

Ní ti ohun náà fúnra rẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ má tà á, ẹ má sì fún ẹlòmíràn láìsọ ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ kọ ìwé pélébé kan sínú àpótí rẹ̀: ẹni tí ó mú un wá, ọdún tí ó mú un wá bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀, àti ibi tí okùn ti já. Ìgò Ìyá Àgbà wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, kò sí omi nínú rẹ̀. Ìwé tí mo so mọ́ ọrùn rẹ̀ kà báyìí pé: «Ìgò samsam Ìyá Àgbà, Pákátà. Omi Mẹ́kà ni ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà omi kànga wa.»